Lẹ́tà Tí Kò Ní Àṣìṣe

Kúdírát ló rí lẹ́tà náà. Ó wọlé láti gbálẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, ó bá a lórí tábìlì tí àwo obì onígi máa ń wà, àmọ́ àwo obì fúnra rẹ̀ ti di àwátì. Nígbà tí èmi àti Inspẹ́kítọ̀ Jùmọ̀kẹ́ Ọláoyè máa fi dé Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Fọwọ́kàn-án ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Adó-Èkìtì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá, wọ́n sì ti fẹnu kò pé Oore-ọ̀fẹ́ ni olè.

Èmi náà gbà á, mo kà á sókè.

“Màmá Àgbà, ẹ má wá mi. Èmi ni mo gbé olúmèye náà. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí Èkó. N kò ní padà sí ilé mọ́. Oore-ọ̀fẹ́.”

Olúmèye ni àwọn ará Èkìtì ń pe ère obìnrin tó kúnlẹ̀, tó gbé àwo obì dání fún àlejò. Oore-ọ̀fẹ́ sì ni ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan tí ìyá rẹ̀ àgbà ń tọ́ lẹ́yìn Ọjà Ọba. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni ẹnikẹ́ni kò ti fojú kàn án mọ́.

“Ọ̀rọ̀ ti yanjú, Màdámù,” ni mo wí. “Ká pe àwọn ọlọ́pàá Èkó lórí fóònù.”

Ẹ má bínú sí mi. Sájẹ́ǹtì Ajíbádé lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá l'Adó, mo sì máa ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó sọnù ló máa ń dẹ́rù bà mí jù, torí mo ti bá wọn wá méjì rí tí a kò bá láàyè. Bí ìwé bá ti sọ fún mi pé ọmọ wà l'Ékòó, ara mi á ti máa fẹ́ gba ìwé náà gbọ́.

 Jùmọ̀kẹ́ ti kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ pẹpẹ tí wọ́n ń to ẹrù sí, ó mú ike búlúù kékeré kan jáde tó tẹ̀ kọ́rọ́ lápá kan.

“Ti ta nìyí?”

Kúdírát gbé ọwọ́ lé àyà. “Ti Oore-ọ̀fẹ́ ni, Mà. Ikọ́ fée ń ṣe é. Oògùn tó ń fi ẹnu fà ló wà nínú ẹ̀. Kì í fi sílẹ̀ lọ ibì kankan.”

 Jùmọ̀kẹ́ mi ike náà sétí, ó gbọ́ oògùn nínú rẹ̀, ó sì dìde.

“Sájẹ́ǹtì, ẹni tó ń sá lọ Èkó lè gbàgbé bàtà, ó lè gbàgbé aṣọ. Kò ní gbàgbé ohun tó fi ń mí.” Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ó ti tó wákàtí mẹ́tàdínlógún.”

Àwọn mẹ́ta péré ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà, a kò sì rí ilẹ̀kùn tí wọ́n já. Kúdírát tó ń gbálẹ̀ ní ọ̀kan. Ìyáàfin Monínúọlá, olùdarí, ní ọ̀kan. Ẹnì kẹta ni Tíṣà Akínyẹlé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà wọ kóòtù, òórùn káńfọ̀ ń ta lára rẹ̀ bíi ti àwọn àgbà ìjọ tó ń gbé aṣọ sínú àpótí, omijé sì ń bẹ lójú rẹ̀.

“Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ là ń pè é, Sájẹ́ǹtì,” ó wí fún mi jẹ́jẹ́. “Fóònù kì í ṣe Yorùbá. Ẹ bá wa wá ọmọ náà, jọ̀ọ́. Ọmọ tó mọ̀wé ni.”

Ìyáàfin Monínúọlá ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yòókù máa ń ti nǹkan mọ́nú gíláàsì. Tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ohun àtijọ́ sínú àpótí, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ sáwọn àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò, ẹ̀yìn ọjà, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀ lè fọwọ́ kan ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ náà ló ń kọ káàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan. Oore-ọ̀fẹ́ ló mọ̀ ọ́n kọ jù. Ìdílé rẹ̀ ló sì ni olúmèye tó sọnù náà; ìyá rẹ̀ àgbà ló fi tọrẹ.

“Ṣé ohun tí ìdílé ẹni fi tọrẹ lèèyàn tún ń jí?” Jùmọ̀kẹ́ béèrè.

 Ó yọ káàdì olúmèye kúrò lára tábìlì, ó fi sínú àpò, a sì jáde.

*

Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Ó ti sunkún tán kí a tó dé.

“Ọmọ mi kò sun ulé,” ó wí. “Kò sun ulé rí kó má sọ fún mi. Unú mi ti dàrú.”

Ọmọ Èkìtì ni Jùmọ̀kẹ́, èdè náà yé e dáadáa. Èmi ni mo máa ń dúró kí etí mi bá a.

“Màmá, ṣé ẹ mọ ìwé kà?”

“Ìwé bí i ti báwo? Bí ó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á sọ ọ́ sínú fóònù, á fi ránṣẹ́, aládùúgbò á tẹ̀ ẹ́ fún mi.”

Jùmọ̀kẹ́ wò mí. Ta ní í kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ̀wé, àfi ẹni tí kò mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí? 

“Ṣé ìjà wà láàárín ẹ̀yin àti òun lọ́sẹ̀ yìí?”

Ó mi orí. Ó ní ní ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbé àpótí wá sí àdúgbò. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ pa olúmèye lórí, wọ́n sì ní kí òun náà fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kàn án.

“Kì í ṣe tiwa,” ó wí. “Ó jọ ọ́. Ojú jọ ọ́, ọmú jọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi epo pa ugi ulé wa láti kékeré. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Èyí le, ó sì fúyẹ́. Mo sọ fún Oore-ọ̀fẹ́, ó ní òun á wádìí ẹ̀.”

A kò tíì dé inú ọkọ̀ tí Jùmọ̀kẹ́ ti ń sọ̀rọ̀. “Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ayédèrú ni wọ́n jí lánàá. Kí ni olè ń fi ayédèrú ṣe?”

“Kò mọ̀ pé ayédèrú ni.”

“Tàbí ó mọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀. Ta ló ń gbẹ́gi ní ìlú yìí, Sájẹ́ǹtì?”

*

Ọláyọdé, ọmọ Ọ̀yọ́, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Fájuyì, níbi tó ti ń gbẹ́ àga àti ère tó ń tà fún àwọn tó ń lọ òkè òkun. Bó ṣe rí aṣọ wa, ó fi ọmọ owú sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olúmèye méjì wà tí kò tíì parí. Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn àti fọ́tò olúmèye tí mo gbà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Mo yọ ṣẹkẹṣẹkẹ, mo fi dè é lọ́wọ́. “Níbo lo gbé ọmọ náà sí?”

“Ọmọ wo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.”

“Ọmọbìnrin kan wá síbí lọ́sẹ̀ yìí,” Jùmọ̀kẹ́ wí.

“Ọjọ́bọ̀, Mà. Ó béèrè ẹni tó ní kí n gbẹ́ irú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn náà ni. Wọ́n ní káwọn ọmọdé lè máa fi èyí ṣeré, kí ojúlówó má bàjẹ́. Mo ti gbẹ́ méje fún wọn.”

“Ta ni nínú wọn?”

“N ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà ló ń gbé fọ́tò àti ìwé wá.” Ó na ọwọ́ sí ibi tó ti ń dáná sun èérún igi. “Mo ti fi ìwé wọn dáná. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ kọ̀wé bíi Bíbélì. Àmì orí, àmì ìsàlẹ̀, kò sí èyí tó kù.”

Mo fa Màdámù sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Irọ́ ló ń pa. Ẹ wo lẹ́tà yẹn. *Ilé* ló wà níbẹ̀, kò kọ *ulé*. Ọmọ Èkìtì kọ́ ló kọ ọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ rèé níwájú wa.”

Inú mi dùn sí ara mi, n ò purọ́. Jùmọ̀kẹ́ ṣí lẹ́tà náà, ó gbé e sójú oòrùn. Ṣáájú *ilé* ni ìlà méjì wà tí wọ́n fi pa lẹ́tà kan rẹ́. Mo ti rí i láàárọ̀, mo rò pé báírò ló ta.

“Kí ló wà lábẹ́ ìlà yẹn?”

Mo tẹjú mọ́ ọn títí. “U.”

“Ọmọ Ọ̀yọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ *ilé* pẹ̀lú *u* kó tó rántí. Tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.”

Mo tú u sílẹ̀. Ó ti di aago mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tí mo bá mí èémí kan ni mo ń rántí pé ọmọ kan wà níbì kan tí kò rí tirẹ̀ mí. Mo bẹ Ọlọ́run nínú ọkọ̀, mo la ojú mi sílẹ̀, torí èmi ni mò ń wakọ̀.

“Ìyáàfin Monínúọlá ni,” mo wí nígbà tó yá. “Òun lọ̀gá. Òun ló lè ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà.”

“Bóyá.” Ó ti mú káàdì Oore-ọ̀fẹ́ jáde, ó ń kà á láìgbé ojú sókè. “Má sáré jù. Sá, ṣùgbọ́n má pa wá.”

*

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì àwọn ọmọ, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan àti báírò kan.

“Omi ti dà sórí káàdì olúmèye, ó máa tó bàjẹ́,” ó wí, irọ́ funfun báláú. “Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dà á kọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò.”

Ó gbé káàdì náà sí àárín. Bí Oore-ọ̀fẹ́ ṣe kọ ọ́ nìyí, kò fi àmì kankan sí i: *Olumeye. Ugi ni won fi gbe e. Ule wa lo ti wa. Unu re ni won n ko obi si fun alejo.*

Kúdírát kọ tirẹ̀ bí ẹni ń gun òkè, ó fa ahọ́n yọ. Ìyáàfin Monínúọlá kọ tirẹ̀ kíákíá, ó fi sílẹ̀. Ó dà á kọ gẹ́lẹ́, ó sì wo Jùmọ̀kẹ́ bíi pé kí ló ń fi àkókò ṣòfò fún.

Tíṣà Akínyẹlé kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó fi àmì sí i: *Olúmèye.* Lẹ́yìn náà ó kọ *U*. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rí i tó fẹ́ máa lọ. Ó gbé báírò kúrò, ó tún gbé e padà. Ó fi ìlà méjì pa *U* náà rẹ́, ó kọ *Igi.* Ó kọ *Ilé.* Ó kọ *Inú.*  Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́ mú ìwé náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà àárọ̀. Ìlà méjì sí ìlà méjì, wọ́n dàbí ìbejì.

“Mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, Tíṣà.”

“Àṣìṣe ni,” ó wí. “Mo ti fi ọdún márùndínlógójì ṣàtúnṣe rẹ̀. Èdè ilé kì í wọ inú ìwé.”

“Ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà náà bí ọmọ yẹn ṣe máa kọ ọ́. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ yín ni kò gbà.” Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Bóyá ọ̀pọ̀ èèyàn l'Adó ń fàmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ibí, tó ń fàmì, tí kò lè fi *u* kan ṣoṣo sílẹ̀ láìpa á rẹ́, ẹnì kan ni.”

“Ẹ kò ní ẹ̀rí.”

Ó fi ọwọ́ bọ àpò, ó gbé ike búlúù sórí tábìlì.

“Kí ni èyí?” Tíṣà béèrè.

“Ohun tí Oore-ọ̀fẹ́ fi ń mí. Ó jábọ́ níbí nígbà tó ń bá yín jáde. Ikọ́ fée ń ṣe é, Tíṣà. Káńfọ̀ tó ń rùn lára yín yìí, horo méjì téèyàn fi sínú àpótí aṣọ kò lè rùn tó báyìí. Ó kún yàrá kan. Ṣé inú yàrá yẹn lẹ tì í mọ́?”

N ò tíì rí ojú èèyàn tó yí padà kíá bẹ́ẹ̀ rí. Àwọ̀ rẹ̀ di eérú.

“Kò sọ fún mi,” ó wí. “Mo ní kó wá wo ojúlówó, kó lè mọ̀ pé kò bàjẹ́. Ó rí gbogbo wọn, ó ní òun á sọ. Mo ti ilẹ̀kùn kó lè ronú. Mo fẹ́ lọ ṣí i láàárọ̀, Kúdírát ti pe ọlọ́pàá.”

“Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i lẹ́yìn náà?”

Kò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà, torí pé mo rí i pé kò tíì mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

“Ṣé torí owó lẹ ṣe pààrọ̀ wọn?” Ìyáàfin Monínúọlá béèrè.

Tíṣà bínú sí ìbéèrè náà. “Owó kẹ̀? Ẹ̀ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa lọ fún àwọn ọmọ tí kì í fọwọ́. Àwọn tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n á tún fi ọwọ́ kan náà pa orí olúmèye. Mo gbà wọ́n là ni.”

Jùmọ̀kẹ́ ti dìde. “Níbo?”

“Ilé mi. Ajílósùn.”

*

Mo wakọ̀ dé Ajílósùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. N kò rántí ọ̀nà. Mo rántí òórùn kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì rántí pé mò ń ka iye wákàtí lórí ìka mi, mo ń ṣì í kà.

Ẹ̀yìn ilé ni yàrá náà wà. Tíṣà ti fi ọ̀rá dí fèrèsé, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká kí kòkòrò má ráàyè wọlé jẹ igi. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Jùmọ̀kẹ́ gbà á, ó ṣí i. Òórùn káńfọ̀ jáde kọlù wá, ojú mi ṣomi, n kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà mo rí i. Pẹpẹ wà yíká yàrá, fóòmù wà lórí pẹpẹ, ère méje sì wà lórí fóòmù, ó fi aṣọ funfun wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun, ó so káàdì mọ́ wọn lọ́rùn. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ni Oore-ọ̀fẹ́ dùbúlẹ̀ sí, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ wà níbi àlàfo ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gbà wọlé. Ó ti fa aṣọ ya lára ère kan láti fi bo imú. Ètè rẹ̀ ti dúdú.

“Oore-ọ̀fẹ́,” Jùmọ̀kẹ́ pè é. Ó ti wà nílẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sórí itan, ó tẹ ike náà sí i lẹ́nu. “Ọmọ dáadáa. Fà á. Tún un fà. Mo mọ̀ pé o gbọ́ mi.”

Kò fà á. Ìgbà kejì, kò fà á. Mo kúnlẹ̀ láìmọ̀ pé mo kúnlẹ̀, mò ń sọ *jọ̀ọ́, jọ̀ọ́*, n kò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀. Nígbà kẹta, àyà rẹ̀ gbéra. Ohùn kan jáde bíi ti ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Ó tún gbéra. A gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́, Jùmọ̀kẹ́ mú un lápá, mo mú un lẹ́sẹ̀, ó sì ń mí, díẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó wá ìyá rẹ̀ àgbà kiri lójú wa.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Tíṣà. Mi ò tíì so ó lọ́wọ́. Mo sáré padà, mo rò pé ó ti sá lọ.

Kò sá. Ó kúnlẹ̀ láàárín yàrá. Olúmèye tí ọmọ náà fa aṣọ ya lára rẹ̀ ti ṣubú lulẹ̀, ó ti gbé e mọ́ra, ó ń fi ìka wá ibi tó ti sán, ó ń fi apá kóòtù nù ún. Ó ti gba ibi tí ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí kọjá kó tó dé ibẹ̀.

Mo na ọwọ́ láti gba ère náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ rọra gbé e, Sájẹ́ǹtì,” ó wí, ó sì ń sunkún. “Kò sí irú rẹ̀ mọ́ láyé.”